Bí wọ́n ṣe ń wá ìyá tó bí èdè Alor àti Pantar

Ní erékùṣù Pantar, lápá ìlà-oòrùn Indonéṣíà, bai ni àwọn tó ń sọ èdè Teiwa ń pe ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ sọdá omi sí erékùṣù Alor tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ gun òkè lọ bá àwọn Abui, wọ́n á ní fe. Ẹ tún tẹ̀ síwájú sí apá ìlà-oòrùn, kí ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn Kamang, wọ́n á ní pe. Bai, fe, pe: ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ní kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀. Ẹ wá béèrè orúkọ èso betel, èyí tí wọ́n máa ń jẹ lẹ́nu bí àwa ṣe ń jẹ obì. Teiwa á ní bui, Abui á ní fu, Kamang á ní pu. Níbi tí Teiwa bá ti fi b bẹ̀rẹ̀, Abui á fi f, Kamang á fi p. Ẹlẹ́dẹ̀ kò bá èso tan. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí orúkọ àwọn méjèèjì máa yí padà lọ́nà kan náà láti ìlú dé ìlú, àfi tó bá jẹ́ pé ẹnu kan náà ni gbogbo wọn ti jáde wá nígbà láéláé, tí ìró inú ẹnu yẹn sì yí padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ tú ká.

Irú ẹ̀rí kéékèèké báyìí ni àríyànjiyàn ńlá kan dúró lé lórí láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè. Lọ́dún 2022, Timothy Usher àti Antoinette Schapper gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Oceanic Linguistics. Wọ́n ní àwọn èdè Timor, Alor àti Pantar ní ọmọ ìyá kan ní ilẹ̀ Papua, lórí erékùṣù New Guinea, ní ìwọ̀-oòrùn ibi tí wọ́n ń pè ní Bomberai, tó jìnnà sí Alor tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà lórí òkun. Wọ́n pe gbogbo agbo náà ní Greater West Bomberai. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà lè bi wá pé kí ló wá kan òun. Èmi rí i pé ó kan gbogbo ẹni tó bá ń sọ èdè tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é ni ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ ibi tí èdè tiwa náà ti ṣẹ̀ wá.

Orúkọ yẹn, "èdè Papua", máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á rò pé ìdílé kan ni, bí ìgbà tí a bá ní èdè Bantu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Erékùṣù New Guinea tóbi gan-an. Indonéṣíà ló ni apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, apá ìlà-oòrùn sì ni orílẹ̀-èdè Papua New Guinea tó gba òmìnira lọ́dún 1975. Papua New Guinea nìkan ní èdè tó lé ní 800. Àwọn kan lára èdè agbègbè náà jẹ́ ti ìdílé Austronesian, ìdílé ńlá tí Malay, Tagalog, Māori ti New Zealand àti Malagasy ti Madagásíkà wà nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1892, Sidney Ray, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàkíyèsí pé àwọn èdè kan wà ní New Guinea tí kò bá ìdílé yìí tan rárá. Ó pè wọ́n ní Papuan. Ohun tí wọn kì í ṣe ni orúkọ náà ń sọ, kò sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí olórí ẹbí bá ka àwọn tó wá síbi ìnáwó, tó ní "àwọn ẹbí mi nìyí, àwọn tó kù nìyẹn." Àwọn tó kù lè wá láti ilé ọgọ́ta. William Foley tilẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 1986 pé ìdílé tí òun rí láàárín àwọn èdè Papua lé ní 60.

Àmọ́ ọkàn èèyàn kì í gba kí nǹkan wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1971, Joseph Greenberg, ọkùnrin tó ti to àwọn èdè Áfíríkà sí ìdílé ìdílé lọ́dún 1963, gbìyànjú láti kó gbogbo èdè Papua sínú agbo kan ṣoṣo, tó sì tún da èdè àwọn ará erékùṣù Andaman àti ti Tasmania pọ̀ mọ́ ọn. Ó pè é ní Indo-Pacific. Àwọn onímọ̀ kò gbà á. Ọkùnrin yìí kan náà ló fi Yorùbá sínú ẹ̀ka Kwa lábẹ́ Niger-Congo, títí àwọn mìíràn fi yẹ ẹ̀rí wò dáadáa, tí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí Benue-Congo. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn kan ṣì ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ pé Kwa ni wá. Ẹni tó fẹ́ràn àtẹ ńlá máa ń rí ohun tó dára lókèèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló máa rí àlàfo.

Àtẹ ńlá tó ṣì wà lórí ìdúró ní New Guinea ni èyí tí wọ́n ń pè ní Trans-New Guinea. Kenneth McElhanon ti ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè Huon Peninsula ní ìlà-oòrùn, C. L. Voorhoeve sì ti kọ gírámà èdè Asmat ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ wọn wéra, wọ́n rí ọ̀rọ̀ tó jọra láti ìkángun kan erékùṣù náà dé ìkángun kejì, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1970. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, Stephen Wurm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Canberra, ní Ọsirélíà, fẹ agbo náà títí ó fi gba èdè bí 500. Wọ́n fi Timor, Alor àti Pantar náà kún un. Àwọn fúnra wọn kò dá ara wọn lójú lórí èyí. Nínú ìwé kan náà ti 1975, Arthur Capell so àwọn èdè Alor àti Timor mọ́ ìdílé mìíràn pátápátá, West Papuan, tó wà lórí ibi tí wọ́n ń pè ní Bird's Head, ní ìkángun ìwọ̀-oòrùn New Guinea. Ìwé kan, ìdáhùn méjì.

Ẹ̀rí wo ni wọ́n gbé wá? Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Malcolm Ross gbé èyí kalẹ̀ dáadáa lọ́dún 2005: nínú àwọn èdè Trans-New Guinea, "èmi" sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi na, "ìwọ" sì máa ń jẹ́ nǹkan bíi ga. Nínú èdè Kâte ní Huon, "èmi" ni no, "ìwọ" ni go. Nínú Melpa lórí òkè àárín erékùṣù náà, "èmi" ni na. Nínú Asmat lọ́nà jíjìn réré, "èmi" ni no. Andrew Pawley tún kó ọ̀rọ̀ bí 200 jọ tó gbà pé wọ́n wà nínú èdè ìyá náà. Ó dára, mo sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: àwa náà ń sọ pé "n kò mọ̀", "n ó lọ". Ìró n fún "èmi" pọ̀ káàkiri ayé nínú èdè tí kò mọ ara wọn rí. Tí a bá fi n nìkan ṣẹ̀rí, Yorùbá náà á di èdè Papua.

Ti Alor tún wá lọ́jú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú èdè ìyá tí wọ́n ti tún tò fún Alor àti Pantar, na- ni "tèmi", ìyẹn bá Trans-New Guinea mu. Ṣùgbọ́n ha- ni "tìrẹ", ga- sì ni "tirẹ̀", ti ẹni kẹta. Ga tó jẹ́ "ìwọ" lọ́hùn-ún ti di "òun" níhìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tan á ṣàlàyé bó ṣe yí padà. Ẹni tí kò bá fẹ́ á ní kí ló dé tí ẹ̀rí tó yẹ kó lágbára jù lọ fi nílò àlàyé.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdílé náà sílẹ̀ ní kékeré, kí wọ́n tún ìyá wọn tò ní ìró kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó wá lọ wá ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún Alor àti Pantar nìyẹn, láàárín 2009 sí 2014, nígbà tí Marian Klamer ti Yunifásítì Leiden, Gary Holton, Laura Robinson, František Kratochvíl, Antoinette Schapper àti àwọn mìíràn pín erékùṣù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan ń kọ gírámà Teiwa, ẹnì kan ń kọ ti Abui, ẹnì kan Western Pantar. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tẹ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa ṣàlàyé bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, nítorí etí wa ti mọ̀ ọ́n. Ará Ọ̀yọ́ á ní ilé, ará Èkìtì á ní ulé. Ọ̀yọ́ ní iṣẹ́, Èkìtì ní uṣẹ́. Ọ̀yọ́ ní igbá, Èkìtì ní ugbá. Kò sí ẹni tó kọ́ wa, a kàn mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá fi i bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ká retí u lẹ́nu ará Èkìtì. Ìbéèrè tí onímọ̀ èdè á wá béèrè ni pé èwo ló ṣáájú? Ṣé i ló di u ni, àbí u ló di i? Ìdáhùn kò sí lọ́dọ̀ àwa méjèèjì, ó di dandan kí a bi ẹlòmíràn nínú ẹbí. Àwọn Igala lápá ibi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé jẹ́ ẹbí wa, unyi ni wọ́n sì ń pe ilé. Ẹlẹ́rìí kẹta dé, u ló gbè. Akinkugbe ṣe irú iṣẹ́ báyìí lórí Yorùbá, Ìṣẹ́kírì àti Igala ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1978. Ohun tó ń jẹ́ títún ìyá èdè tò nìyẹn: èèyàn kò lọ sí ibojì ẹnikẹ́ni, lẹ́nu àwọn ọmọ tó wà láàyè ló ti ń gba ẹ̀rí.

Ní Alor bákan náà. Fún bai, fe àti pe, wọ́n gbà pé b ni ìyá ní, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ìyá náà báyìí: *baj. Ìràwọ̀ iwájú rẹ̀ túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí, pé iṣẹ́ ọpọlọ ni. Èso betel di *bui. Ọwọ́ di *-tan. Iná di *hada, èyí tí Abui ń pè ní ara lónìí, tí Teiwa ń pè ní ħar, pẹ̀lú ìró kan tó ń jáde láti ọ̀nà ọ̀fun.

Ohun tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni ọ̀rọ̀ àyálò. Tí àlejò kan bá dé, tó kọ àlùbọ́sà àti àlàáfíà sílẹ̀ lẹ́nu Yorùbá, tó kọ albasa àti lafiya sílẹ̀ lẹ́nu Hausa, ó lè padà sílé lọ kéde pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wá. Ní Alor, àwọn Austronesian ti wà ní etíkun láti bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń fẹ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ fi dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ fura pé àyálò ni òun gan-an. Ọ̀rọ̀ Austronesian fún ẹlẹ́dẹ̀ ni *babuy, Malay sì ń pè é ní babi dòní. Ó jọ pé ìyá èdè Alor àti Pantar yá a lọ́wọ́ aládùúgbò nígbà tó ṣì jẹ́ èdè kan ṣoṣo, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó pín, kí b tó di f fún Abui. Nítorí náà ni ó fi tẹ̀lé òfin ìró bí ọmọ ilé. Ó tún wá ṣiṣẹ́ mìíràn fún wọn: tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí Austronesian dé ni wọ́n yá a, a jẹ́ pé ìyá náà ṣì wà láyé nígbà tí wọ́n dé. Ìyẹn fún wọn ní ọjọ́ orí rẹ̀, ní nǹkan bí 3,000 ọdún, láìsí ìwé, láìsí òkúta tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yá di kàlẹ́ńdà.

Ibi tí mo rò pé èèyàn ti máa mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akọ̀wé kan jókòó ti àgbàlagbà kan ní abúlé Teiwa, pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní kí ni wọ́n ń pe èyí? Àgbàlagbà náà lè dáhùn pé hatan. Akọ̀wé kọ ọ́: ọwọ́ = hatan. Lọ́la ó bá ẹlòmíràn, ẹni yẹn na ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó ní natan. Ó kọ ọ́: ọwọ́ = natan, ó fi ìbéèrè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó ṣì í lọ́nà nínú wọn. Hatan ni "ọwọ́ rẹ", natan ni "ọwọ́ mi", gatan ni "ọwọ́ rẹ̀". Nínú àwọn èdè yìí, ẹ̀yà ara kì í dá dúró láìní olówó, gẹ́gẹ́ bí àwọn orúkọ ẹbí kò ti ń dá dúró. Kò sí ọwọ́ lásán láyé wọn. Ẹni tó bá wá fi àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ìfiwéra láìmọ̀, na- á kún inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ fọ́fọ́, á sì rò pé òun rí ìjọra níbi tó jẹ́ pé "tèmi, tèmi" ni àwọn èèyàn ń sọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba àwọn tó ń rò pé àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ 100 tó fún ìdílé èdè. Ẹni tó máa to ọ̀rọ̀ sí ìdílé gbọ́dọ̀ ti gbọ́ gírámà wọn.

Àwọn nọ́ńbà wọn náà lẹ́wà. Nínú Abui, nuku ni ení, ayoku ni èjì, yeting ni àrún. Talaama ni ẹ̀fà, ọ̀rọ̀ tó dá dúró ni, kò ní àrún nínú. Àmọ́ tó bá di èje, wọ́n á ní yeting ayoku, àrún àti èjì. Teiwa ní tiaam fún ẹ̀fà, àwọn onímọ̀ sì tún ìyá wọn tò sí *talam. Àwa tó ń yọ márùn-ún kúrò nínú ogún ká tó dé ẹ̀ẹ́dógún kò gbọ́dọ̀ ya ẹnu sí i. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ọ̀nà ìṣirò tó ṣàjèjì bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀fà ti dá dúró tí èje kò sì dá dúró, tó sì hàn káàkiri èdè Alor àti Pantar, ṣòro láti jẹ́ èèṣì.

Erékùṣù Timor wá ńkọ́? Èdè Austronesian ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n Bunak wà ní àárín, ní ẹ̀bá ààlà Indonéṣíà àti Timor-Leste, Makasae, Makalero àti Fataluku wà ní ìlà-oòrùn, Oirata sì wà ní erékùṣù Kisar. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń so àwọn wọ̀nyí mọ́ Alor lẹ́nu, ṣùgbọ́n 2014 ni Schapper, Juliette Huber àti Aone van Engelenhoven tó fi ìró sí ìró hàn án. Láti ìgbà náà, kò sí iyàn mọ́ pé Timor-Alor-Pantar jẹ́ ìdílé kan.

Kí ìyẹn tó jáde, lọ́dún 2012, Robinson àti Holton ti gbé ìbéèrè tó tóbi jù wò: ṣé ìdílé yìí bá Trans-New Guinea tan? Ṣé ó bá West Papuan tan? Wọ́n fi èdè ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò wéra pẹ̀lú gbogbo wọn, wọ́n sì kọ ọ́ pé ẹ̀rí kò tó, pé kí ìdílé náà dá dúró ná. Ó gba ìgboyà láti kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí gbogbo máàpù ti fi àwọ̀ Trans-New Guinea kun Alor. Nígbà tó di 2022, Usher àti Schapper kò bẹ̀rẹ̀ láti Trans-New Guinea. Wọ́n lọ sí ibi tó kéré, àwọn èdè mẹ́ta péré ní ìwọ̀-oòrùn Bomberai: Iha, Mbaham àti Kalamang. Wọ́n tún ìyá tiwọn náà tò lọ́tọ̀, wọ́n wá gbé ìyá méjì ko ara wọn. Èmi gbà pé bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é gan-an nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ko wọn, ó ní ibi tó lè fọwọ́ sí: ìró yìí, ọ̀rọ̀ yìí, ó lè jẹ́ àyálò. Ṣé Greater West Bomberai fúnra rẹ̀ wà nínú Trans-New Guinea? Ìyẹn ni ohun tí àríyànjiyàn ṣì kù lé lórí. Kódà Glottolog, àkójọ èdè ayé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò, kò gba gbogbo agbo Wurm wọlé. Àárín rẹ̀ tó dá wọn lójú nìkan ni wọ́n mú, wọ́n sì pè é ní Nuclear Trans New Guinea.

Kọ̀ǹpútà náà ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Leiden, wọ́n kó ọ̀rọ̀ àwọn èdè agbègbè yẹn jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè é ní LexiRumah, ẹnikẹ́ni sì lè wọlé lọ wò ó. Robinson àti Holton ti lo ètò kọ̀ǹpútà lórí Alor àti Pantar láti mọ ẹ̀ka tó ṣáájú tó yà. Ohun tó jáde dà bí àwọ̀n ju bí igi lọ, nítorí abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò jáwọ́ nínú yíyá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n pín. Ẹni tó bá ti gbé ní ibi tí Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ ti pàdé mọ̀ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Ọ̀kan nínú èdè mẹ́ta Bomberai yẹn ti di gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ ìdílé tó ti wá. Kalamang ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò tó 200, ní erékùṣù Karas. Eline Visser lọ gbé láàárín wọn, ó kọ gírámà rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lund ní Sweden lọ́dún 2020. Nítorí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan tí wọ́n kọ ní Kalamang lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olùwádìí lò ó lọ́dún 2023 láti dán ẹ̀rọ wò: bí a bá fún ẹ̀rọ ní ìwé gírámà kan yìí, ṣé ó lè kọ́ èdè náà láti inú rẹ̀? Lọ́dún 2024 Google ròyìn pé Gemini 1.5, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n wọn, tí wọ́n fún ní ìwé náà túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Kalamang fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fi ìwé kan náà kọ́ ọ. Ìròyìn yẹn lọ káàkiri. Ohun tí wọn kò pariwo ni pé àwọn àgbàlagbà Karas ló jókòó, tí wọ́n dáhùn ìbéèrè lọ́jọ́ púpọ̀, kí ìwé náà tó wà. Ìwé yẹn kan náà wà lára ohun tó mú kí Kalamang ṣeé fi wéra pẹ̀lú Alor. Láìsí òun, ẹsẹ̀ kan ìdílé náà á kàn máa fò lófuurufú ni.

Ní Alor fúnra rẹ̀, ìṣòro kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fòfin de èdè wọn. Ọ̀pọ̀ òbí ló kàn ń bá ọmọ sọ Malay ti Alor nínú ilé, kí ọmọ má bàa kọsẹ̀ tó bá dé ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi Indonesian kọ́ ọ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, a sì mọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ á gbọ́ Abui lẹ́nu màmá àgbà, á sì fi Malay dá a lóhùn. Abui ṣì ní èèyàn bí 17,000, ó ṣì lágbára díẹ̀. Teiwa kò ju bí 4,000 lọ. Bí ẹ̀ka kan bá kú, ẹlẹ́rìí kan ti lọ nìyẹn, bí ìgbà tí Igala kò bá sí tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ilé tàbí ulé ló ṣáájú.

Tí a bá kọrí sí ìwọ̀-oòrùn láti Alor, ní erékùṣù Sumbawa, òkè oníná kan wà tó ń jẹ́ Tambora. Ní oṣù kẹrin ọdún 1815 ó bú gbàmù, iná àti eérú rẹ̀ sì bo àwọn tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní èdè tiwọn, tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀, tí Stamford Raffles tẹ̀ jáde sínú ìwé rẹ̀ lórí Java lọ́dún 1817. Ọdún 2007 ni Mark Donohue wò ó fínnífínní, tó ní kò jọ Austronesian, pé èdè Papua ni, ní ìwọ̀-oòrùn jìnnà ju gbogbo èdè Papua tí a mọ̀ lọ. Ṣé ó bá Alor tan? Àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara wà nínú àkọsílẹ̀ náà, wọ́n wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n lọ́dún 1817, kò sì sí ẹnì kan mọ́ tí a lè na ọwọ́ sí, ká bi í bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ara rẹ̀ ni, àbí "tèmi" ni ẹni yẹn ń sọ lọ́jọ́ náà.